Ó Lọ Ọjà, Ó Mọ Ọjà

Èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa níwèé ní ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ méjì: mémoire. Ọ̀kan ni ìwé àṣekágbá tí kì í jẹ́ ká sùn. Èkejì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Èkejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo fi ń tẹ ìtàn tí ìyá àgbà mi sọ fún mi ní Kétu. Lójijì, ojú ẹ̀rọ á di aró, á kú, á sì tún tan ara rẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo pa Windows rẹ́, mo tún un fi sí i. Pàbó ló já sí.

Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àjàṣẹ́. Ó ní, "Àbúrò, fi Windows sílẹ̀. Jẹ́ ká bi mémoire fúnra rẹ̀." Ó fi Memtest86+ sí i. Iṣẹ́ ètò yìí ni pé kó kọ nǹkan sí gbogbo ojú mémoire, kó sì tún un kà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìlà pupa ti kún ojú ẹ̀rọ: ohun tó kọ kọ́ ló kà.

A wọ inú BIOS. Mémoire DDR3-1600 ni. 11 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n 9-9-9-24 la bá níbẹ̀. Aago kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń lù bí ìlù; nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni iye ìgbà tó máa lù láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn mémoire. Ẹnì kan ti ń kán an lójú kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ di 11-11-11-28. A tún dán an wò mọ́jú: ìlà pupa ku méjì. Ìgbà yẹn ló tó fi iná díẹ̀ kún un, láti volt 1,5 sí 1,55. Kò sí pupa mọ́. "Ohun kan lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí, "bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní mọ èyí tó wò ó sàn."

Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí mo ṣe rí i nínú ìwé mi: "ó mọ ọjà." Lára ohùn ìyá àgbà, "ó lọ ọjà" ni. Nínú kọ̀ǹpútà, 01101100 ni l, 01101101 sì ni m. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ bọ́tìnnì Faransé wa, ẹ̀gbẹ́ ara wọn náà ni l àti m wà. Ṣé mémoire ló ṣì í ni, àbí ìka mi? N kò lè mọ̀. Ìyá àgbà sì ti lọ; kò sí ẹni tí mo lè bi.

Mo gbé káàdì ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, mo sì tún gbọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará, ẹ dán mémoire ẹ̀rọ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mémoire yín. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ má pa á rẹ́.