Alẹ́ Tí Òṣùpá Pọ́n ní Ìjagun

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Òjìji ayé yóò bo òṣùpá pátápátá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òṣùpá yóò sì ti wọ inú òjìji ọ̀hún kó tó yọ sí wa nílẹ̀ Yorùbá. N kò fẹ́ wò ó ní Èkó, nítorí iná tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ìràwọ̀ ráàyè. Mo wọkọ̀ ní Ọjọ́ta, a gba Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ìjagun, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé nítòsí Yunifásítì Tai Solarin. Awò olójú méjì kan ló wà nínú báàgì mi.

Oṣù kẹsàn-án kì í ṣe oṣù ìràwọ̀ lọ́dọ̀ wa. Atẹ́gùn olómi tó ń ti orí òkun bọ̀ ń kó ìkuukùu jọ, òjò sì ń padà bọ̀ lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Bí ọyẹ́ bá dé, ìkuukùu á lọ, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà á sì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ọ̀run tó mọ́, kó wá a ní àárín méjèèjì.

Oòrùn wọ̀ kí aago méje tó lù. Ìlà oòrùn ṣú pátápátá. Iná ló tilẹ̀ dùn mí ju ìkuukùu lọ. Nínú oko tí kò síná, ìkuukùu ló máa ń dúdú jù lójú ọ̀run lóru; níbi tíná bá pọ̀, ìkuukùu a gba ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣòfò lọ sókè, a sì dà á padà lé wa lórí. Apá ibi tí Ìjẹ̀bú-Òde wà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Iná sólà ojú pópó funfun gan-an, ojúkojú ló ń kọjú sí ènìyàn.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá lọ sétí oko ẹ̀gẹ́ kan tí ilé ti gbà wá lọ́wọ́ iná pópó. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́yìnkùlé níbẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ ń wá lójú ọ̀run?"

Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, ìkuukùu là. Òṣùpá nìyẹn! Ó pọ́n bí irin tí alágbẹ̀dẹ yọ nínú iná, tó ti ń kú lọ. Ayé ló dí oòrùn mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó gba inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká kọjá ló dé ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti fọ́n àwọ̀ búlúù ká, pupa ló ṣẹ́kù. Gbogbo ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ti ń wọ̀ láyé ní ìṣẹ́jú yẹn ló pawọ́ pọ̀ kùn ún.

"Àgùàlà dà?" Màmá béèrè. "Ajá òṣùpá kì í jìnnà sí i."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìdájí ni àgùàlà ń yọ lásìkò náà. Mo ní Saturn ni yóò yọ nísàlẹ̀ òṣùpá láìpẹ́. Wọ́n gba awò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wo òṣùpá títí.

Kó tó di aago mẹ́jọ, etí òṣùpá funfun padà. Òjìji náà tẹ̀ kọrọdọ lára rẹ̀. Ìtẹ̀ yẹn wà lára ohun tí Aristotle, amòye Gíríìkì, fi hàn pé ayé rí róbótó. Láìpẹ́ iná NEPA lọ, ilé gbogbo ṣú, Vega yọ lápá àríwá, Altair yọ lókè orí wa. Ìkuukùu padà dé kí òṣùpá tó bọ́ tán, òjò sì lé wa wọlé.

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹjọ ọdún 2026, òjìji ayé yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bo òṣùpá ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀. Tí aago márùn-ún bá fi kọjá díẹ̀, díẹ̀ ni yóò kù kó bò ó tán. Ẹ jí àwọn ọmọ yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra iná ìta, kó ra èyí tó ní ìbòrí, tó ń tàn sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀.