Kennedy, Khrushchev àti Ọmọ Oníkẹ̀kẹ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, díẹ̀ ló kù kí ayé yìí bàjẹ́, àwa ará Ìbàdàn kò sì ráyè rẹ̀. Kì í ṣe pé ìròyìn ò dé. Àpótí Rediffusion tó wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Òkè-Àdó ń ké Kúbà, Kúbà, láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n wàhálà tiwa ti tó wa í gbọ́. Láti ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n ti kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, Dókítà Majẹ́kódùnmí ló ń ṣàkóso, ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ ń bọ̀ lọ́nà, àwọn tó sì jọ ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ tẹ́lẹ̀ ti pín sẹ́yìn òun àti Akíntọ́lá, wọn kì í kí ara wọn mọ́. Bí mo bá dárúkọ Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, bàbá mi á ní, “Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, jẹ́ ká gbọ́ ti Akíntọ́lá ná.” Kò sẹ́ni tó rántí nínú wa pé àwọn Lùkùmí tó ń bọ Ṣàngó àti Yemọja ní Havana àti Matanzas, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa, wà lára àwọn tí bọ́ǹbù ì bá kọ́kọ́ bà.

Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo ń ka ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ kọ, ni ẹ̀rù tó wá bà mí. Sófíẹ́tì ti kó rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì wọ Kúbà ní bòńkẹ́lẹ́. Ọjọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ han Kennedy. Nígbà tó di ọjọ́ 18, Gromyko, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Sófíẹ́tì, wọlé tọ̀ ọ́ ní White House, ó jókòó, ó ní ohun ìjà tí àwọn kó fún Kúbà kò ju èyí tí èèyàn fi ń dáàbò bo ilé ara rẹ̀ lọ. Kennedy gbọ́, kò sọ pé òun ti rí fọ́tò kankan. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ pamọ́ àti ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń fọ̀rọ̀ pamọ́ fún òun jọ jókòó bí ọmọlúàbí, wọ́n sì túká ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀.

N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o. Amẹ́ríkà náà ti gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Jupiter sí Tọ́kì, lẹ́bàá ilẹ̀ Sófíẹ́tì, ó sì ti ran àwọn tó fẹ́ gbàjọba lọ́wọ́ Castro, olórí Kúbà, lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1961. Ìfura tí Khrushchev, olórí Sófíẹ́tì, ń fura, ó nídìí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń falẹ̀ láàrin wọn. Lẹ́tà gígùn tí Khrushchev kọ sí Kennedy ní ọjọ́ 26 gbà tó wákàtí méjìlá kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ tán. Anatoly Dobrynin, aṣojú Sófíẹ́tì ní Washington, ròyìn tirẹ̀ nínú ìwé ìrántí rẹ̀: bó bá fẹ́ ránṣẹ́ sílé, wọn á kọ́kọ́ fi àrokò kọ ọ̀rọ̀ náà, wọn á pe ilé iṣẹ́ tó ń tẹ wáyà lórí tẹlifóònù, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan á sì gun kẹ̀kẹ́ wá gbà á. Wọn á wá máa gbàdúrà kó má lọ dúró bá ọmọbìnrin tàkúrọ̀sọ lọ́nà. Orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni ẹ̀mí gbogbo wa wà, àti èmi, àti bàbá mi, àti Akíntọ́lá.

Ní ọjọ́ 27, wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú U-2 ti Amẹ́ríkà lulẹ̀ ní Kúbà, awakọ̀ rẹ̀, Rudolf Anderson, sì kú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Robert, àbúrò Kennedy, ránṣẹ́ pe Dobrynin. Ó ní bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá kúrò ní Kúbà, èyí tó wà ní Tọ́kì náà á kúrò láàrin oṣù díẹ̀, àmọ́ kí ará ìta má gbọ́ ọ. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Khrushchev gbà lọ́jọ́ kejì, ó sì ní kí wọ́n ka èsì òun sórí rédíò Moscow kó lè tètè dé. Kò jẹ́ dúró de oníkẹ̀kẹ́.

Ibi tí mo ti ń bínú sí wọn nìyí: wọ́n bo ti Tọ́kì mọ́lẹ̀. Ó di ọdún 1989 kí Theodore Sorensen, tó bá Kennedy ṣiṣẹ́, tó jẹ́wọ́ pé òun ló yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí Robert kọ. Láàrin àkókò yẹn, ohun tí Amẹ́ríkà fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ranjú ni ọ̀tá ń sá fún. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yẹn wà lára ohun tó tì wọ́n wọ Fiẹtínáàmù.

Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́tì ṣáà ṣe ohun kan tó dáa. Ní Geneva, níbi ìpàdé orílẹ̀-èdè méjìdínlógún lórí ohun ìjà, tí Nàìjíríà wa náà jókòó sí, wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1963 pé kí wọ́n na wáyà tààrà láti Washington dé Moscow. Àwọn èèyàn rò pé tẹlifóònù ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, kálukú á tẹ èdè tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní oṣù kẹjọ, Amẹ́ríkà fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ tó kó gbogbo lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, nípa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó fo ajá ọ̀lẹ kọjá. Ẹ fojú inú wo àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní 1987, Reagan ti Amẹ́ríkà àti Gorbachev ti Sófíẹ́tì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á ba oríṣi rọ́kẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ pátápátá. Wọn ò tìtorí ẹ̀ fọkàn tán ara wọn. Fún ọdún mẹ́tàlá, àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní Votkinsk, ní Rọ́ṣíà, wọ́n ń wo ohun tó ń jáde. Àwọn ará Rọ́ṣíà náà wà ní Magna, ní ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n ń ṣe bákan náà. Ọdún 2019 ni Amẹ́ríkà jáde nínú àdéhùn ọ̀hún, Rọ́ṣíà náà kó ẹrù tirẹ̀. Kálukú ní ẹnì kejì ló kọ́kọ́ dalẹ̀.