Ìlà Mẹ́rin Tí N Kò Kà

Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò ṣòro láti há sórí. Èmi pàápàá ti mọ̀ ọ́n kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn há sórí yàtọ̀ sí ohun tí ó yé e. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, mo sì ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí òwe náà tó yé mi, ọ̀nà tí ó sì gbà yé mi ń dùn mí títí di òní olónìí. Mo fẹ́ sọ ìtàn náà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí kò tilẹ̀ bu iyì kún mi, kí ẹ lè fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1983, mo jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ní ìlú kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti ìgbà náà, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Ọdún ìdìbò ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ni ó ń ṣe ìjọba Ìpínlẹ̀ wa, ẹgbẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe ìjọba àpapọ̀. N kò ní dárúkọ wọn, kí olùkàwé má baà máa wá ẹ̀bi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ràn, kí ó sì gbàgbé ara rẹ̀. Ó tó kí n wí pé ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba Ìpínlẹ̀ ni mo ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú.

Ní àkókò náà, kò sí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n aládàáni ní ilẹ̀ wa. Ti ìjọba ni gbogbo wọn. Ti ìjọba àpapọ̀ a máa lu ìlù ìyìn fún ìjọba àpapọ̀, ti Ìpínlẹ̀ a sì máa lu ti Ìpínlẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá ṣe ìpàdé ńlá, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ lè má fi í hàn rárá. Bí ẹgbẹ́ kejì bá sì sọ̀rọ̀, rédíò Ìpínlẹ̀ wa a ṣe bí ẹni pé etí òun di. Ojúsàájú ti ọ̀hún ni àwa ń rí. Tiwa kò hàn sí wa.

Mo mọ ìtàn kan tí mo fi máa ń gbe ẹjọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dá àbá ní ilé aṣòfin pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àbá náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Action Group sì bínú jáde kúrò nínú ilé. Gómìnà Nàìjíríà, Sir John Macpherson, lọ sí orí rédíò ìjọba, ó sì bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà wí níbẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bèèrè pé kí a fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún un. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Bí mo bá ti sọ ìtàn yìí tán, inú gbogbo wa a máa ru. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó bi ara rẹ̀ pé: ẹni tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta rí, nígbà tí ó bá ní ilé tirẹ̀, ǹjẹ́ yóò ṣí i fún ẹni tí ń bá a du ipò?

Ilé télọ̀ kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ni a máa ń pé jọ sí ní ìrọ̀lẹ́. Àgbẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, awakọ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò rí iṣẹ́ ṣe náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ọkọ̀ a máa gbé ìwé-ìròyìn wá láti Àkúrẹ́. Nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, èmi ni mo máa ń kà á, tí mo sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn. Ohun tí mo bá kà ni wọ́n gbọ́. Ohun tí n kò bá kà, kò ṣẹlẹ̀.

Láàrin àwọn tí ń gbọ́ mi ni Bàbá Alágbẹ̀dẹ wà. Ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré wọn ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gbọ́ ìròyìn títí yóò fi parí, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì lọ sílé.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdìbò tó dé, ìwé-ìròyìn tí a ń kà gbé ìròyìn kan sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ní a bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìdìbò nínú ilé aṣojú ẹgbẹ́ kejì ní ìlú wa, àti pé a ti tẹ̀ka sí wọn sílẹ̀ de ọjọ́ ìdìbò. Àkọ́bí Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ni aṣojú náà. Mo ka ìròyìn náà sókè ketekete. Nígbà tí àwọn tí ó pẹ́ dé bẹ̀ mí, mo tún un kà, mo sì fi iyọ̀ tèmi sí i. Ariwo sọ. Bàbá Alágbẹ̀dẹ wí pé, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí a dúró de ohun tí yóò tẹ̀ lé e.” Wọn kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìwé-ìròyìn kan náà tẹ àtúnṣe jáde. Ojú ewé inú ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ti yẹ àwọn ìwé náà wò, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ìwé ìdìbò rárá, bí kò ṣe ìwé àpẹẹrẹ tí ẹgbẹ́ náà fi ń kọ́ àwọn ará abúlé bí a ti ń dìbò. Mo rí ìlà mẹ́rin náà. Mo kà wọ́n sínú. Mo gbé ojú sókè, mo sì rí Bàbá Alágbẹ̀dẹ lórí àpótí wọn, tí wọ́n ń wò mí. Mo ṣí ewé náà kọjá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn eré bọ́ọ̀lù.

Ẹ má ṣe rò pé ọkàn mi kò bá mi wí. Ó bá mi wí, ṣùgbọ́n mo ti ní èsì fún un. Mo wí nínú ara mi pé, “Tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ kò ha ń fi tiwa pamọ́ bí? Ta ni ó fún Awólọ́wọ̀ láyè ní ọdún 1953?” Báyìí ni mo ṣe sọ ìwà àìtọ́ tí a hù sí wa di ìwé àṣẹ fún èyí tí èmi náà hù sí ẹlòmíràn.

Nígbà tí a kéde èsì ìdìbò gómìnà ní oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìpínlẹ̀ wa dàrú. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kejì ni ó wọlé. Ilé-ẹjọ́ yí èsì náà padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kí ilé-ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀, ilé ti jó, ẹ̀mí sì ti ṣòfò káàkiri. Ní ìlú tiwa, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé epo bẹntiróòlù, wọ́n lọ sí ilé ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ, wọ́n ń ké pé, “Olè ìbò! Olè ìbò!” Ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn gba ẹ̀yìnkùlé sá wọ inú oko. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kankan kò bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ń kó kòkó sí jóná, pẹ̀lú gbogbo kòkó tí ó ti rà. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ilé télọ̀ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ìròyìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Alágbẹ̀dẹ kan ilẹ̀kùn mi. Tẹ́lẹ̀ rí, bí mo tilẹ̀ kéré sí àbígbẹ̀yìn wọn, “ẹ̀yin” ni wọ́n máa ń pè mí nítorí iṣẹ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, “ìwọ” ni wọ́n pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn kò ní kí n dìde.

“Tíṣà,” ni wọ́n wí, “ọmọ-ọmọ mi wà ní kíláàsì rẹ. Ìwọ ni o kọ́ ọ ní ìwé. Ní ọjọ́ tí àtúnṣe nì jáde, bàbá rẹ̀ ra ìwé-ìròyìn náà, ọmọ náà sì kà á fún mi. Mo ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kí n tó wá sí ilé télọ̀. Mo jókòó, mo ń retí kí o kà á. Nígbà tí o kò kà á, mo ní bóyá ó di ọ̀la. Mo tún wá ní ọ̀la. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí di ọjọ́ ìdìbò ni mo fi wá.”

Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀yin fúnra yín kò sọ ọ́ fún wọn?”

Wọ́n dá mi lóhùn pé, “Ta ni yóò gbà á gbọ́ lẹ́nu bàbá ẹni tí wọ́n pè ní olè? Ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́. Àwa tí a kò mọ̀wé, ojú rẹ ni a yá lò. Nígbà tí o di ojú rẹ kan, ìwọ kò ha ti sọ gbogbo wa di olójú kan bí?”

Wọn kò bú mi, wọn kò sì ṣépè. Wọ́n yí padà lọ sí àgbẹ̀dẹ wọn, kò sì pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ìró òòlù wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé-ìròyìn àtijọ́ náà lọ sí ilé télọ̀, mo sì ka ìlà mẹ́rin náà. Mo sọ ọjọ́ tí ó ti jáde fún wọn. Mo sọ fún wọn pé mo rí i, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Àwọn kan fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn mìíràn ní mo ti gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Kíkà náà kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan yẹn, bí mo bá ti lò ó ní àkókò rẹ̀, ì bá ti gba ilé kòkó náà là. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti balẹ̀, kò tún ṣeé kó mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ jó kòkó ọlọ́kòkó kò lò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn iná náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ra ìwé-ìròyìn méjì, ọ̀kan ti ìhín, ọ̀kan ti ọ̀hún, bí owó oṣù mi tilẹ̀ kéré. Bàbá Alágbẹ̀dẹ padà wá sórí àpótí wọn. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó tún pè mí ní “ẹ̀yin”.

Ẹ ti rí oníṣòwò tí ó ní kọ́ńgò méjì rí: èyí tí ó jinlẹ̀ ni ó fi ń rà, èyí tí a ti lù nídìí wọnú ni ó fi ń tà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ní àkókò ìdìbò. Kọ́ńgò tí ó jinlẹ̀ ni a fi ń wọn ohun tí ó tọ́ sí wa. Èyí tí a lù nídìí ni a fi ń wọn ti ẹlòmíràn. N kò wí pé kí a fi ojú fo àìṣòdodo àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn. Ó yẹ kí a bèèrè ẹ̀tọ́ wa, ó sì yẹ kí òfin wà. Ní ọdún 1992, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi àyè gba rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aládàáni. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ní abala 95, sì wí pé a kò gbọdọ̀ lo ohun èlò ìjọba, títí kan ilé-iṣẹ́ ìròyìn, láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan tàbí láti pa òmíràn lára, àti pé kí àkókò tí a fún àwọn ẹgbẹ́ dọ́gba. Òfin rere ni. Òfin lè ka ìṣẹ́jú orí rédíò. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè ka ohun tí mo fò nínú ilé télọ̀.

Lónìí, ìwé-ìròyìn wà ní àpò tọmọdé tàgbà. Ní àkókò ìdìbò ọdún 2023, mo ti fẹ̀yìn tì ní ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí kò jẹ́ kí a sinmi lórí WhatsApp ìdílé wa. Ojoojúmọ́ ni ó ń pariwo pé tẹlifíṣọ̀n kan ń ṣe ojúsàájú. Ní ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa tí ó ní a ń jí àpótí ìbò gbé. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi hàn pé àwòrán ọdún mìíràn ni. Ọmọ náà dákẹ́. Mo pè é sí ilé mi, mo sì bi í pé, “Ẹgbẹ́ mélòó ni o fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí?” Ó ní, “Méje ni, sà.” Mo ní, “Mélòó ni o fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí?” Ó dorí kodò. Nígbà náà ni mo sọ ìtàn ìlà mẹ́rin fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kọ àtúnṣe náà sí ẹgbẹ́ méjèèje. Wọ́n bú u ní méjì nínú wọn. Mo sọ fún un pé owó orí òtítọ́ ni ó san, kò sì pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ ìdìbò tiyín ń bọ̀. Ẹ óò gbọ́ tí àwọn ènìyàn yóò máa ké pé rédíò yìí kò ṣòótọ́, pé ìwé-ìròyìn nì ń ṣègbè. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá wọn ké, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín. Ìgbà tí ìròyìn bá dùn mọ́ yín nínú jù lọ ni kí ẹ ṣe ìwádìí rẹ̀ jù lọ. Bí ẹ bá sì ti tan irọ́ kálẹ̀ láìmọ̀, ibi gbogbo tí ẹsẹ̀ irọ́ náà dé ni kí ẹ mú kí ẹsẹ̀ òtítọ́ náà dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àpótí ní ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, kí ó máa retí òtítọ́ tí ẹ ti mọ̀, tí ẹ kò fẹ́ kà sókè.