Tíkẹ́ẹ̀tì Rélùwéè Di Ẹlẹ́rìí Ìgbéyàwó Wa

Ẹ bá wa yọ̀ níbi ìgbéyàwó wa, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí kí a tó gba físà tí a ó fi lọ bá ìyàwó wa ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n bí i sí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2024, ìjọba Ìlú Ọba gbé owó ọdún tí ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí aya wọlé gbọ́dọ̀ máa gbà láti £18,600 sí £29,000. Owó ìyàwó kò tó. Ó wá iṣẹ́ mìíràn, a sì dúró kí ìwé owó oṣù mẹ́fà pé.

Àfi bí a ṣe rí i pé akọ̀wé kan ti fo lẹ́tà kan nínú orúkọ ìyàwó lórí ìwé ìgbéyàwó wa! Àárọ̀ mẹ́rin ni a fi jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó tún un ṣe.

Wọ́n tún ní kí a fi hàn pé a mọra dáadáa. Láti 2016 tí rélùwéè Àbújá sí Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀, bí ìyàwó bá wá kí òbí rẹ̀ ní Kàdúná, a máa ń wọkọ̀ ní Ìdú lọ sí Rìgásà lọ wò ó. Akọ̀wé rélùwéè kì í ju ìwé nù: gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ wa. A tò wọ́n mọ́ àwòrán, a ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, físà sì dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka ìwé yín dáadáa kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé.

Ìyá wa ṣì wà ní Lúgbè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá wa yà kí wọn.