Ẹ̀kọ́ Tí Àrùn Èèyi Kọ́ Wa

Ẹ̀yin baba àti ìyá tí ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú ilé yín, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò mú ìyìn bá wa. Ó ti pẹ́ tí a ti pa á mọ́ sínú, ṣùgbọ́n a rò pé bí a bá sọ ọ́ jáde, ó lè ṣe ọmọ ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 2016, ọmọkùnrin wa kẹta, ẹni ọdún 8, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní ara òun kò yá. Imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀kọ ka iwájú rẹ̀, kò jẹ. Ìdánwò ń bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Nítorí èyí ni a ṣe pe àìsàn rẹ̀ ní ìmẹ́lẹ́. A ní, “Ọ̀fìnkìn kì í pa ọkùnrin. Dìde, kí o wẹ̀, kí o sì gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.” Ọmọ náà dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi lọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì dé ní ìrọ̀lẹ́, a máa bá Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, gbé àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 8 nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, èèyi yọ sí i lẹ́yìn etí àti ní ojú, ó sì sọ̀kalẹ̀ dé àyà. Nígbà náà ni a tó gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ó sì fi ìka sí ibì kan tí ó ṣófo. Oṣù kẹsàn-án ọmọ náà, tí ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ èèyi, ni iṣẹ́ akọ̀wé ṣí wa kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn. A ní bí a bá fìdí kalẹ̀ tán, a ó mú un lọ. A fìdí kalẹ̀, a kò sì mú un lọ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ara ọmọ wa yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ìbejì béèrè ohun tí ó ṣe é, ojú tì wá láti sọ pé akọ̀wé tí ń kọ́ni ní katikísímù kò fún ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́. A ní, “Ibà ni.” Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ara àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Táíwò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé náà yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ṣọyún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àti títí di òní olónìí, ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ní láti gbé ohùn sókè.

Ní ọdún 2017, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn wá kí wa. A bi í léèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ tí kò lè dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Ó wò wá títí, ó ní, “Bàbá, ẹ máa dárí jì mí. Ogun ni ọmọ náà ń jà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ pè é ní ọ̀lẹ.” Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, tí ó sì ṣe àlàyé fún wa. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti èyí tí a kà lẹ́yìn náà, nìyí.

Ara àgbàlagbà ní nǹkan bí tírílíọ́nù 30 sẹ́ẹ̀lì, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wé agbo ilé oníṣẹ́ ọwọ́. Nínú rẹ̀ ni a kọ ìlànà iṣẹ́ tí ó tó nǹkan bí 20,000 pamọ́ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa ka ẹ̀dà ìlànà wọ̀nyí, wọn a sì máa fi wọ́n ṣe èròjà tí a ń pè ní purotéènì, èyí tí ara fi ń gbé. Fáírọ́ọ̀sì kò ní agbo ilé tirẹ̀. Ìlànà tí ti èèyi gbé lọ́wọ́ kò ju èyí tí a lè fi ṣe purotéènì 8 lọ. Ó wọlé, ó sì fi ìwé tirẹ̀ sí iwájú àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn tí kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ wà nínú ilé. Bí fáírọ́ọ̀sì ti ń ṣe àdàkọ ìwé rẹ̀, okùn méjì tí ó lọ́ mọ́ ara wọn, tí ó sì gùn, a máa yọjú níbi tí kò yẹ kí irú rẹ̀ wà. Ẹ̀ṣọ́ kan tí a ń pè ní PKR a gbá a mú. Kíá, ẹ̀ṣọ́ yìí a fi àmì sí ara eIF2, ẹni tí ọ̀pọ̀ jùlọ iṣẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i, iṣẹ́ a sì dáwọ́ dúró, ti onílé àti ti àlejò burúkú náà. Àwọn ẹ̀dà ìlànà tí a kò tí ì ṣe parí ni a óò kó jọ ní òkìtì kéékèèké títí ewu yóò fi kọjá. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń ṣọ́ àìtó oúnjẹ nínú sẹ́ẹ̀lì, òmíràn ń ṣọ́ purotéènì tí kò ká dáradára, ṣùgbọ́n àmì kan náà ni gbogbo wọn ń fi sí ara eIF2. Onílé yàn láti pa ebi mọ́nú ju kí ó máa rọ ohun ìjà fún ọ̀tá lọ.

Iṣẹ́ kejì ni ó gún wa lọ́kàn jù. Sẹ́ẹ̀lì tí ogun wọ̀ a máa ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní ọdún 1957, ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann mú fáírọ́ọ̀sì àrùn influenza tí wọ́n ti fi iná pa agbára rẹ̀, wọ́n fi í sí ara awọ inú ẹyin adìẹ. Wọ́n rí i pé omi tí ó ti ara awọ náà jáde lè dáàbò bo awọ mìíràn tí kò tí ì bá fáírọ́ọ̀sì pàdé rí. Wọ́n pe ohun tí ó wà nínú omi náà ní interferon. Ìkìlọ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá gbọ́ ọ a múra sílẹ̀ kí ọ̀tá tó dé: a fi kún iye ẹ̀ṣọ́ PKR rẹ̀, a sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in. Bí agbára ẹni tí ogun wọ̀ kò bá sì ká a mọ́, a máa pa ara rẹ̀, kí fáírọ́ọ̀sì má baà rí ilé rẹ̀ lò láti pọ̀ sí i.

Ìkìlọ̀ yìí kan náà, pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ mìíràn bí i tirẹ̀, ni ó ń mú kí ara gbóná, kí ó wó, kí oúnjẹ má sì wu ènìyàn. Nígbà tí àwọn dókítà ń fi interferon wo àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi C, kí oògùn oníhóró tí ó dára jù tó dé, ó máa ń rẹ àwọn aláìsàn bí ẹni pé influenza ni ó mú wọn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọmọ wa ní ọjọ́ Ajé náà, ìró agogo ogun ni. Àwa ni a kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Kí ni èèyi ń ṣe láti borí? A sọ fún wa pé purotéènì rẹ̀ kan tí a ń pè ní C kì í jẹ́ kí okùn méjì yẹn yọjú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ yóò fi jí, àti pé èkejì, tí a ń pè ní V, a máa di etí àwọn sẹ́ẹ̀lì kí wọn má baà gbọ́ ìkìlọ̀. Bí ọmọ náà ti sọ èyí, a kò lè gbé ojú wa sókè. Nínú ọ̀ràn Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ ta ni àwa ṣe? A kò ṣe iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ èèyi gan-an ni a ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a lọ sí ilé rẹ̀, a sì jẹ́wọ́. Kò bú wa. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ń fi ọwọ́ pa orí Kẹ́hìndé, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, Bàbá.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A ti mọ òtítọ́ òwe yìí ní àmọ̀dunjú. Nítorí náà, ẹ mú ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́ èèyi ní oṣù 9, kí ẹ sì tún mú un lọ ní oṣù 15. Bí ọmọ bá ní ara òun kò yá, ẹ wò ó dáradára kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ. Èèyi ti ń ràn láti nǹkan bí ọjọ́ 4 kí ó tó yọ sí ara. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ iyàrá fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde. Nínú ènìyàn 10 tí kò ní àjẹsára tí wọ́n sún mọ́ ọn, 9 lè kó o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sinmi nílé, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín, kí ẹ sọ fún un, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín.

Kẹ́hìndé ti wà ní kíláàsì katikísímù wa báyìí. Ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, ni a fi í sí, a sì ń gbé ohùn wa sókè.