Ọkọ̀ Tí Kò Lè Gun Òkè

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé fún ọdún mẹ́rìnlá nínú wọn. Ẹjọ́ tí mo dá láàárín àwọn ọmọ ní àkókò náà kò lóǹkà: ẹjọ́ ẹni tí ó jí owó oúnjẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹjọ́ ẹni tí ó ya ìwé ọmọ ẹlòmíràn, ẹjọ́ ẹni tí ó ká máńgòrò tí a kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni ká. Mo rò pé mo ti mọ ẹjọ́ í dá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó ń dùn mí jù lọ, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo dá a, ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Challenge, lórí ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù epo ọkọ̀ mi.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, kò sí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ní Ìbàdàn tí kò sọ̀rọ̀ nípa epo burúkú. Kì í ṣe àhesọ lásán. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà ni àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ epo kéde pé wọ́n ti kó epo bẹntiróòlù kan wọ orílẹ̀-èdè wa tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Mẹ́tánọ́ọ̀lù yìí jẹ́ irú ọtí kan tí kì í ṣe mímu, májèlé ni fún ènìyàn. Bí ó bá mọ níwọ̀n nínú epo, kò sí ewu. Bí ó bá pọ̀ jù, a máa jẹ irin, a máa mú kí rọ́bà wú, a sì máa fa omi mọ́ra. Wọ́n dá epo náà dúró, ìlà ọkọ̀ sì gùn ní gbogbo ilé epo láti Bódìjà dé Ring Road. Ibikíbi tí ènìyàn bá yà sí, ìtàn pọ́ǹpù tí ó bàjẹ́ ni yóò gbọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ àìsàn tirẹ̀. Ní títẹ́jú ọ̀nà, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ti Bódìjà lọ sí Dùgbẹ̀, tí mo dé ẹsẹ̀ afárá olókè Mọ́kọ́lá, tí mo tẹ̀ ẹ́ kí ó gùn ún, yóò máa ta gìrì bí ẹni tí èémí fẹ́ tán lọ́fun rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tí ń bẹ lẹ́yìn mi yóò sì máa fun fèrè, wọn kò bọ̀wọ̀ fún irun funfun.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo ka ara mi sí ẹni tí ó mọ ọkọ̀. Peugeot 504 ni mo kọ́kọ́ ní, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kaduna láti ọdún 1975. Pọ́ǹpù epo ti ọkọ̀ yẹn wà ní ara ẹ́ńjìnì níbi tí ojú ti rí i; ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni ó ń tì í, awọ pẹlẹbẹ kan a sì máa lọ sókè sódò nínú rẹ̀, a máa fa epo láti inú táńkì. Bí mo bá fura sí i, n óò yọ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu kabúrétọ̀, n óò ní kí ọmọ mi fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Bí epo bá tú jáde, ó parí. Agbára tí ó ń fi ti epo kò ju bíi pọ́n-ùn mẹ́ta sí márùn-ún lọ lórí íǹṣì kan níhà mẹ́rin. Ti ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Inú táńkì ni pọ́ǹpù rẹ̀ wà, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Iná bátìrì ni ó ń yí i. Epo tí ó rì sínú rẹ̀ ni ó sì ń tù ú lára kí ó má baà gbóná jù. (Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ń fi epo díẹ̀ díẹ̀ rìn nígbà gbogbo ń sun pọ́ǹpù rẹ̀ níná láìmọ̀. Mo mọ̀ pé owó epo ti gbówó lórí gan-an láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kò mọ èyí.) Ní ti ọkọ̀ tèmi, agbára epo náà gbọ́dọ̀ wà láàárín pọ́n-ùn 44 sí 50. Epo lè tú jáde dáadáa lójú ènìyàn, síbẹ̀ kí agbára rẹ̀ má ju ìdajì ohun tí ẹ́ńjìnì ń fẹ́ lọ. Ìmọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni mo gbé wá bá ọkọ̀ titun.

Nítorí náà, kí mẹkáníìkì tó ya ẹnu rẹ̀ ni mo ti dájọ́: “Epo burúkú ti ba pọ́ǹpù jẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.” Ọkùnrin náà ní kí a kọ́kọ́ wò ó ná, mo ní kí ó má fi àkókò mi ṣòfò. Ẹgbẹ̀rún náírà méjìdínlógún ni mo kà sílẹ̀. A rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ bí ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate. Ó mú pọ́ǹpù titun nínú páálí wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó, wọ́n dè é, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.

Ní ẹsẹ̀ afárá Mọ́kọ́lá, ó tún ta gìrì.

Ẹ wo bí ọkàn ènìyàn ti ń ṣe. Mo ti sọ pé pọ́ǹpù ni. Pọ́ǹpù titun ti wọlé, àrùn kò lọ. Dípò kí n wí fún ara mi pé, “Bóyá kì í ṣe pọ́ǹpù,” ohun tí mo wí ni pé, “Pọ́ǹpù tí wọ́n dè kì í ṣe titun.” Mo yí padà sí Challenge. Lójú gbogbo ènìyàn, àwọn oníbàárà àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, mo bi ọmọ náà pé èló ni ó fi ra tòkunbọ̀, níbo ni ó sì kó ìyókù owó mi sí. Ó ní titun ni òun rà. Mo ní irọ́ ni. Ó na ìwé ẹ̀rí owó náà sí mi. Mo ní ẹnikẹ́ni lè kọ ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo sì wí pé ẹkún ni olè máa ń kọ́kọ́ sun. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: òwe tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ láìmọye ìgbà ni, èmi kò tilẹ̀ gbọ́ tẹnìkan tí mo dájọ́ lé lórí. Ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí n bínú. Ó ní kí ọmọ náà máa lọ, kí ó má padà títí yóò fi rí owó Tíṣà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀. Níkẹyìn mẹkáníìkì náà bẹ̀ mí kí òun pe bàbá kan láti Ring Road, ọ̀kan nínú àwọn tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí à ń pè ní rẹ́wáyà. Bàbá yìí kò bi mí ní ohun tí mo rò. Ó fi géèjì kan sí ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ó ní kí a tanná sí ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì náà dúró sí 29.

Mo fò sókè. “Ṣé ẹ rí i! Pọ́ǹpù náà kò dára!”

Ó wò mí. “Tíṣà,” ó ní, “géèjì sọ fún wa pé epo kò dé pẹ̀lú agbára. Kò sọ ẹni tí ó dá a dúró. Ẹ ti pààrọ̀ ẹni tí ń pọnmi. Ẹ kò tíì bi í bóyá ó jẹun.”

Ó wá fi hàn mí pé ọ̀nà méjì ni a ní láti tọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀nà epo: láti táńkì sí asẹ́, sí pọ́ǹpù, sí ọ̀pá, títí dé àwọn ínjẹ́kítọ̀ tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì. Ó wò ó. Asẹ́ mọ́, ọ̀pá kò tẹ̀, kò sì jò. Èkejì ni ọ̀nà iná: láti bátìrì sí fíúsì, sí wáyà, sí pọ́ǹpù, kí ó sì padà sí ara irin ọkọ̀. Ó mú mítà rẹ̀. Ní ẹnu bátìrì, fóòtì 13.8. Ó yọ wáyà lẹ́nu pọ́ǹpù, ó wọn iná inú rẹ̀: iná pé. Mo mi orí. Ṣùgbọ́n ó dá wáyà náà padà, ó jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, ó sì tún un wọ̀n: 9.6. Afárá tí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣe lè gba adìyẹ kọjá, kí ó sì tẹ̀ nígbà tí aláàárù bá gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀ kò ní wò ó nígbà tí ó ṣófo. Bàbá náà gbé kápẹ́ẹ̀tì ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Níbẹ̀ ni bóòtì kékeré kan wà tí ó so wáyà ilẹ̀ ti pọ́ǹpù mọ́ ara ọkọ̀. Omi òjò ti gba rọ́bà ilẹ̀kùn wọlé, bóòtì náà ti dípẹtà, ó pọ́n bí ilẹ̀.

Ó tú u, ó fi sáńpépà fá a títí ó fi dán, ó fi gírísì díẹ̀ sí i, ó sì dè é le. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mítà ka 13.3. Abẹ́rẹ́ géèjì gòkè, ó dúró sí 47.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Pọ́ǹpù tí ọmọ náà rà ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní agbára pọ́ǹpù titun, lójú gbogbo wa. Bóyá ti àtijọ́ gan-an kò ní àrùn kankan. Mo bi bàbá náà ní owó iṣẹ́ rẹ̀, ohùn mi kò sì jáde dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì mo gun afárá Mọ́kọ́lá láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i. Mo béèrè ilé ọmọ náà, wọ́n júwe Agbówó fún mi. Ìyá rẹ̀, tí ń ta ata ní ọjà Bódìjà, ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ti ń pe orúkọ ara mi ni obìnrin náà ti kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó owó jáde, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti igba náírà ni ó ti pé, kí n jọ̀wọ́ fi sùúrù gba ìyókù; pé láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ òun ti ń ṣe aláàárù ní ọjà, tí ó ń ru àpò ìrẹsì àti ẹ̀wà láti fi san owó mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde, èmi kò sì mọ ibi tí n óò gbójú sí. Nígbà tí ọmọ náà ti ọjà dé, tí ó rí mi, ó dúró lókèèrè pẹ̀lú òṣùká lọ́wọ́. Mo sọ fún un, lójú ìyá rẹ̀, pé kò jalè, pé èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn, kí ó jọ̀wọ́ dárí jì mí. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Kí ni ó wá ń ṣe ọkọ̀ náà, sà?”

“Wáyà ilẹ̀,” ni mo wí. “Bóòtì rẹ̀ ti dípẹtà.”

Ó ronú díẹ̀. “Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo rí i nígbà tí a ń de pọ́ǹpù, sà. Mo fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kí a yára.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e sí iwájú ọkọ̀, a lọ sí Challenge. Mo dúró sí ibi tí mo dúró sí ní ọjọ́ tí mo pè é ní olè, mo sì ké sí gbogbo àwọn tí ń bẹ níbẹ̀ kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n gbọ́ mi. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀gá rẹ̀ tọrọ àforíjì tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìn, ó mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára ìṣó tí ó ti wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́.