Ìbọn Tí A Kò Tún Ṣe

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo lò ní ṣọ́ọ̀bù tí Ataa, ọ̀gá mi, ti ń tún ìbọn ṣe ní Kokomlemle ní Accra, n kò fọwọ́ kan ìbọn kankan. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fi karosíìnì fọ irin, mo sì ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú. Ìwé yẹn gan-an ni Ataa kà sí irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé ìbọn wá gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ ọlọ́pàá wá. Nọ́ńbà ara irin gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ìwé náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti èṣí, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń tún àṣẹ ìbọn gbà ní Gánà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, Ataa á rọra ti ìbọn náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, á ní, "Owula, ẹ lọ rí ọlọ́pàá ná." Òfin ìbọn àti ọta ti ọdún 1972, èyí tí wọ́n ń pè ní NRCD 9, ni ó mọ̀ sórí ju ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọmọ Lagos Town ni mí. Accra New Town ni wọ́n ń pè é báyìí, àmọ́ Lagos Town ló ń jẹ́ nígbà tí bàbá bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé síbẹ̀, tó ń ta ìṣó, àdá àti kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá àgbà lọ. Ìyá àgbà, tí ìyá tirẹ̀ jẹ́ Gã, dúró. Bí mo ṣe ń sọ Yorùbá nínú ilé nìyẹn, tí mo ń sọ Gã lójú títì. Alata ni Ataa ń pè mí, orúkọ tí àwọn Gã fi ń pe irú wa. Àdúgbò kan ṣì ń jẹ́ Ngleshi Alata ní James Town dòní, nítorí náà n kò rí èébú níbẹ̀.

Iṣẹ́ fítà ni mo kọ́ ní ATTC, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Kokomlemle níbẹ̀. Nígbà tí mo parí, gbogbo ẹgbẹ́ mi sáré lọ sí àdúgbò Circle lọ tún fóònù ṣe. Èmi ni màmá mi mú lọ bá Ataa, ẹni tó ti tún ìbọn ṣe fún àwọn ọmọ ogun ní Burma Camp títí ó fi fẹ̀yìntì. Màmá mi rò pé ọ̀gá tó ti jẹ́ ṣọ́jà kò ní jẹ́ kí n ya ọmọ ìta. Ó rò ó dáadáa.

Ọjọ́ tí Ataa kọ́kọ́ na ìbọn ìléwọ́ sí mi, ó bi mí pé, "Ṣé ọta wà nínú rẹ̀?"

Mo yọ àpò ọta, mo fa irin orí ìbọn náà sẹ́yìn, mo wo inú. "Kò sí, Ataa."

Ó gbà á, ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé e padà fún mi lójú ẹsẹ̀. "Ṣé ọta wà nínú rẹ̀?"

"Ataa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó níṣojú yín."

"Ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, o ò mọ̀ ọ́n mọ́. Wò ó."

A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó tún kọ́ mi pé ètò wà nínú rẹ̀: àpò ọta ni a kọ́kọ́ ń yọ, kí a tó fa irin orí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin orí, tó wá yọ àpò lẹ́yìn náà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọta kan sínú ihò, ó sì gbà pé ìbọn náà ṣófo. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá àgbà lálẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni tuntun nínú ìyẹn: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Mo kọ òwe náà sí ẹ̀yìn ìwé dúdú. Ataa ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Gã fún òun. Láti ọjọ́ náà ni apátí ti di ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kò pè é ní tírígà mọ́.

Ìbọn ọdẹ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, Baikal ti Rọ́ṣíà tó ní ẹnu kan ṣoṣo, àti àwọn ti Bùràsílì. Ìyẹn kì í yọni lẹ́nu: irin tó nípọn ni, bí ìpata bá ti kúrò, ó parí. Àwọn ìbọn ìléwọ́ olówó pọ́ọ́kú ló ń sọ wá di aláìsùn. Oníṣòwò ló sábà máa ń ní wọn, ẹni tó ń ra góòlù tàbí tó ní ilé epo. Àdàpọ̀ sínkì ni wọ́n fi ń dà púpọ̀ nínú wọn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Zamak. Bí ọta bá yín, kò sí ohun tó ti irin orí wọn mọ́lẹ̀. Ìwúwo irin náà àti agbára sípíríǹgì nìkan ló ń dá a dúró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wúwo lókè bí ẹni ru àgbá omi. Sínkì kì í ṣe irin líle. Ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń sán, fáìlì sì ń wọ̀ ọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè. Ẹ rántí gbólóhùn yìí.

Bí ìbọn bá há, ìbọn náà fúnra rẹ̀ ni oníbàárà máa ń bínú sí. Ataa kì í wo ibẹ̀ rárá lákọ̀ọ́kọ́. Àpò ọta ló ń mú: ṣé ètè rẹ̀ ti tẹ̀, ṣé sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ? Bí oníbàárà bá ní àpò méjì, a ó kọ 1 àti 2 sí wọn lára. Bí ó bá jẹ́ pé inú 1 nìkan ni ọta ti ń há, ìbọn kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni ọta: mélòó ló ti lo ọdún mẹ́wàá nínú dúrọ́ọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń wọ̀? Lẹ́yìn náà ni ìdọ̀tí. Ọyẹ́ máa ń kó eruku wá, epo á gbà á mọ́ra, méjèèjì á di àtè. Kòròfo ọta tó yẹ kó fò jáde á wá dúró ṣánṣán lẹ́nu ihò, nítorí ìkọ́ kékeré tó ń fà á ti rì sínú ẹrẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti epo mẹ́ṣìn ìránṣọ ti wo ìbọn sàn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ju gbogbo irinṣẹ́ olówó ńlá lọ.

Nǹkan méjì ni kò gba àwàdà. Bí a bá fa apátí tí ọta kò yín, ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó kọjú sí fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, nítorí ọta mìíràn máa ń pẹ́ jí. Bí ó bá sì yín pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni wúkọ́, ẹ má fa òmíràn tẹ̀ lé e: ọta ti àkọ́kọ́ lè ti há sínú ọ̀pá.

Lẹ́yìn ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, tí odò Odaw kún bo Circle, tí ilé epo sì bú gbàmù, tí ènìyàn tó lé ní 150 sì ṣòfò, kò sẹ́ni tó ń ronú ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wá, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn nínú. Ọkùnrin kan ti fi òróró àgbọn pa tirẹ̀ látòkè délẹ̀, ó tún dá a padà sínú àpò awọ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dùn. Awọ náà mu omi bí kànrìnkàn, òróró dì, ìpata sì jẹun yó lábẹ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wáyé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ kòkó ní apátí ìbọn ìléwọ́ olówó pọ́ọ́kú òun le jù fún ìka àgbàlagbà. Ataa rìnrìn àjò. Mo tú u, mo rí ibi tí òòlù inú rẹ̀ ti ń kọ́, mo mú fáìlì, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì péré. Apátí rọ̀ bí òwú. Inú mi dùn débi pé mo ra kẹ́ńkẹ́ jẹ.

Ataa dé. Ó yẹ ìbọn náà wò pé ó ṣófo, ó fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi òòlù rọ́bà gbá ìdí rẹ̀ pẹ́ẹ́. Òòlù inú rẹ̀ jábọ́: tà! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan apátí. Bí ìbọn náà bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn, ó máa yín fúnra rẹ̀. Ataa kò pariwo. Ó gbé fóònù, ó ní kí bàbá náà máa bọ̀, ó wá ní kí èmi fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bàbá. Èmi ni mo ba ìbọn yín jẹ́."

Bàbá wò mí títí. "Ṣé ẹ ò lè dá ohun tí ẹ yọ padà ni?"

A kò lè dá a padà. A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun. Wọ́n dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn kì í fi irin ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè wa. Bí a bá sì fẹ́ fi ìbọn náà ránṣẹ́ sí wọn, a ó gba àṣẹ kó jáde níbí, wọn ó gba àṣẹ kó wọlé lọ́hùn-ún, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 2006 lórí ìbọn kéékèèké sì wà láàárín. Owó rẹ̀ á ju ti ìbọn náà lọ ní ìlọ́po.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn tó ń ṣe ìbọn ìléwọ́ pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1968 ti dí ọ̀nà ìbọn pọ́ọ́kú láti òkè òkun sí Amẹ́ríkà, George Jennings dá Raven Arms sílẹ̀ ní California ní 1970, ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dá òmíràn sílẹ̀ yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn ni Bryco. Ìbọn rẹ̀ kan wà tí a kò lè tú ọta inú rẹ̀ jáde àfi kí a kọ́kọ́ ṣí ìdènà apátí. Ní 1994, ẹnì kan ń tú ọta inú rẹ̀ jáde, ó yín, ó ba ọmọ ọdún 7 kan, ọmọ náà rọ lápá lẹ́sẹ̀. Wọ́n pe Bryco lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní 2003. Bryco wọko gbèsè. Nígbà tí wọ́n lu ilé iṣẹ́ náà ní gbàǹjo ní 2004, ọmọ náà fẹ́ rà á kí ó lè yọ́ gbogbo irin inú rẹ̀. Fọ́máànù ilé iṣẹ́ náà ló rà á ní 510,000 dọ́là, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ náà tún wọko gbèsè ní 2020. Ta ni ẹni tó ní ìbọn wọn fẹ́ gbé e lọ bá?

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Hi-Point ti Ohio ń ta ìbọn tó burẹ́wà, tó wúwo, tó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n wọ́n ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé, yálà ìwọ lo kọ́kọ́ rà á tàbí o rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn dára fún ará Ohio.

Bàbá oníkòkó gbé ìbọn rẹ̀ lọ fún ọlọ́pàá. Ataa san owó rẹ̀ fún un, ó sì yọ ọ́ nínú owó mi fún oṣù mẹ́jọ. Ó fi bíìrò pupa fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé dúdú. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ìbọn ọdẹ àti mẹ́ṣìn ìránṣọ ni mo ń tún ṣe jù. Ìbọn ìléwọ́ olówó pọ́ọ́kú, bí ìwé rẹ̀ bá pé, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń yẹ àpò rẹ̀ wò, mo sì máa ń dá a padà. N kì í fi fáìlì kàn án.